Ẹja Inú Ìwé Ìkọ̀sílẹ̀

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kan nílùú wa, Niš, gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tí fọ́tò ẹja odò ńlá kan wà láàárín rẹ̀. Mi ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Mo bi akọ̀wé méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun kan náà ni wọ́n sọ, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó sọ ọ́ tán.

Vidosava Pešić ló túmọ̀ ìwé náà. Opó ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ògbufọ̀ tó búra fún ilé ẹjọ́ sì ni. Tábìlì ìjẹun rẹ̀ ni ọ́fíìsì rẹ̀. Ìjà tọkọtaya, ìjà ogún, ọmọ tí bàbá kan gbé sá lọ sí Vienna: gbogbo rẹ̀ ló ń gba orí tábìlì yẹn kọjá, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Wáífáì rẹ̀ nìkan ni kò ní ilẹ̀kùn.

Orúkọ Lúùkù Mímọ́, tí í ṣe ẹni mímọ́ ilé wọn, àti ọjọ́ àjọ̀dún rẹ̀ ló fi ṣe páásíwọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ wa, a kì í pe ènìyàn sí irú àjọ̀dún yẹn. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ ló ń wá. Gbogbo ilé alájà márùn-ún náà ló mọ ọjọ́ Vidosava. Gbogbo wọn ló ti jẹ àlìkámà sísè tó fi ń ṣe wọ́n lálejò lọ́jọ́ náà.

Stamenko tó ń gbé nísàlẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, wà lára wọn, Wáífáì Vidosava ló sì ń lò. Lọ́jọ́ tí Vidosava ń tẹ ìwé ìkọ̀sílẹ̀ náà, ó fẹ́ tẹ fọ́tò ẹja tó pa jáde. Ó tẹ fóònù títí, ìwé kankan ò jáde lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Vidosava lókè ló ń dá a lóhùn. Ẹja bọ́ sáàárín ìwé ẹjọ́ àti ìtumọ̀ rẹ̀. Vidosava ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi okùn dì wọ́n pọ̀, ó lu òǹtẹ̀, ó fi ránṣẹ́.

Akọ̀wé kan pè é. “Màdáámú, ẹja yìí, ṣé ẹ̀yìn ọkọ ló wà àbí ẹ̀yìn ìyàwó?”

Ohun tó sọ tẹ̀ lé e kò pani lẹ́rìn-ín: bó bá tún ṣẹlẹ̀, wọn yóò gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òǹtẹ̀ yẹn ló ń bọ́ ọ.

Ó ránṣẹ́ pe Ružica, ọmọ tó ṣe ìyá ìsàmì fún, tó ń tún kọ̀ǹpútà àti Wáífáì ṣe fún àwọn onísọ́ọ̀bù.

“Màmá, ta ló mọ páásíwọ́ọ̀dù yìí?”

“Kò sẹ́nì kankan.”

“Stamenko ńkọ́?”

“Ìyẹn kì í ṣe ẹnì kankan. Aládùúgbò nìyẹn.”

Ružica yí àpótí Wáífáì dorí kodò. Páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ṣí inú rẹ̀ ṣì ni èyí tó bá a dé láti ilé iṣẹ́, ó wà lára rẹ̀ gbàgàdà. Ó pa á dà, ó sì la ọ̀nà méjì.

“Èyí, kọ̀ǹpútà yín àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan. Ẹ má sọ ọ́ fún Stamenko. Ẹ má sọ ọ́ fún Lúùkù Mímọ́ pàápàá. Ìkejì, ti àlejò: wọ́n á rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò, wọn ò ní rí ẹ̀rọ yín.”

“Ọmọ mi, bí mo bá tilẹ̀kùn mọ́ wọn, ta ni yóò wá jẹ àlìkámà mi?”

“Ẹni tébi bá ń pa.”

Àjọ̀dún dé ní oṣù kẹwàá. Ọjọ́ Ẹtì ló bọ́ sí, ọjọ́ ààwẹ̀, kò sí ẹran. Mo lọ, ẹnikẹ́ni ò pè mí. Stamenko gbé ẹja wá bó ti ń ṣe lọ́dọọdún, ó jókòó sí àyè rẹ̀, ó gbé ife rakija, ọtí líle wa, kan mì, ó yọ fóònù.

“Vido, Wáífáì rẹ ti kú.”

“Kò kú o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ tẹ èyí tí wọ́n kọ ‘Àlejò’ sí, mo máa sọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ fún yín.”

“Èyí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ ńkọ́?”

“Ìyẹn ti di ti iṣẹ́.”

Vidosava bu ẹja tó tóbi jù sínú àwo Stamenko. Ọkùnrin náà ò fọwọ́ kàn án. Ó wo fóònù, ó wo ẹnu ọ̀nà, gbogbo wa sì ń wo àwo wa.

“Ẹja mi wọ kíṣìnnì lọ tààrà, kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Èmi tí mo gbé pósí ọkọ rẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yìí, Vido, èmi wá ni àlejò?”