Àgbélébùú Òkúta Tó Wà ní Hampton

Aunty, àbúrò ìyá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Lilburn nílùú òyìnbó, bí ọmọ kan ṣoṣo. Mọ́tò ló pa ọmọ náà. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn àgbà ìjọ ní kí Aunty dúró sílé, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Èmi lọ. Wọ́n sin ín sí ẹ̀gbẹ́ àgbélébùú òkúta kan, nínú itẹ́ òkú àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìsìn tí ìjọ wa rà ní Hampton.

Àgbélébùú náà ga jù mí lọ díẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ọkùnrin kan tó gbé ọmọdé mọ́ àyà sí i lára. Òjò ti jẹ ojú àwọn méjèèjì. Wọ́n kọ nǹkan sí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé kà mọ́.

Díákónì kan wá kí Aunty, ó ní bàbá kan ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ àgbélébùú náà fún ọmọ rẹ̀ tó kú. Mo rò pé ó fẹ́ tù ú nínú ni. Láti ọjọ́ náà, Aunty ò sinmi mọ́.

“Ìwọ lo kàwé ìtàn,” ó sọ fún mi. “Bá mi wádìí rẹ̀.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Aunty?”

“Bí bàbá bá lè dúró ti oórì ọmọ rẹ̀ kó máa gbẹ́ òkúta, kí ló dé tí èmi ò lè débẹ̀?”

Mo bi díákónì léèrè. Ó ní ẹnu òyìnbó tó ta ilé ìsìn náà lòun ti gbọ́ ọ. Mo pe òyìnbó náà. Ìyá rẹ̀ àgbà ló sọ ti bàbá yẹn fún un, àmọ́ ẹ̀gbọ́n òyìnbó náà ní ará ìlú ló dáwó rà á, nígbà tí àìsàn kan pa àwọn ọmọ wọn. Mo padà lọ wo òkúta náà. Ìdí rẹ̀ àti òkè rẹ̀ kì í ṣe irú òkúta kan náà, bóyá ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ló ṣe é. Ọkùnrin ara rẹ̀ lè jẹ́ Jósẹ́fù inú Bíbélì.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Aunty.

“Irọ́ ni, àbí?”

“N ò sọ bẹ́ẹ̀, Aunty. A ò mọ̀ ni.”

“Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé! Òùngbẹ ń gbẹ èèyàn, ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́kọ́ wádìí orísun odò.” Ó dìde. “Bí ẹ ò bá mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, ẹ ò lè sọ pé òbí kan ò dúró níbẹ̀ rí.”

N kò rí àléébù nínú ìyẹn. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

“Ṣé kí n pe ìyàwó pásítọ̀ kó bá wa lọ?”

“Má pe ẹnikẹ́ni.”

Nígbà tí a dé Hampton, kò wo àgbélébùú náà rárá.

“Èwo ni tirẹ̀?”

Mo nawọ́ sí i. Ilẹ̀ ti rì díẹ̀, koríko ti ń hù láti etí wá, oórì náà sì dà bíi pé ó ti súnkì. Aunty dúró níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò ó títí.

“Ó kúrú jù. Ọmọ mi ga.”

“Ó gbà á dáadáa, Aunty. Mo wà níbẹ̀.”

“Wọn ò ká a lẹ́sẹ̀ kò?”

“Wọn ò ká a lẹ́sẹ̀ kò, mà.”

Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wọn gígùn oórì náà.