Àyè Nínú Ọkọ̀ Ojú Sánmà

Lánàá, mo tún gba géèmù ọ̀fẹ́ tí mo máa ń gbá ní kékeré sórí kọ̀ǹpútà mi. Bí ọkọ̀ ojú sánmà inú rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, òórùn ẹrẹ̀ odò gba imú mi.

Ọ̀sán kan nígbà náà, nílé wa ní Lokongoma, Màmá Àgbà dé láti ilé rẹ̀ ní Kabawa létí odò pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo. Etí ìró rẹ̀ tutù, ẹrẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó jókòó tì mí, ó ń wò mí bí mo ṣe ń ra oúnjẹ nínú géèmù náà ní ìràwọ̀ kan lọ tà ní òmíràn, tí mo ń yìnbọn lu àwọn ọlọ́ṣà.

"Ọmọ mi, ṣé ọkọ̀ rẹ yìí lè bá mi kó ẹrù mi ní Kabawa?"

"Kò sí èrè lórí ẹrù yín, Màmá." Mi ò tilẹ̀ wojú rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó gbọ́ pé omi odò ti bo yàrá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Lánàá, mi ò ra ọjà kankan. Àyè wà nínú ọkọ̀ náà fún ẹrù Màmá Àgbà.