A Ti Parí Ẹ̀ Nílé

Ilé alájà méjì tí Mùílì ò fọwọ́ kàn ládùúgbò wa ní Ọ̀yọ́ kò pọ̀. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ ni. Bó bá ti gun àkàbà, a máa bá àwọn tó wà nílẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ń rí ohun tí ìyàwó wọn ń sè láti òkè. Lónìí, abẹ́ igi ló ń jókòó sí, á máa júwe ògiri fún ẹlòmíì. Ó ń dùn mí, n ò ní purọ́, nítorí kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, wọ́n ń kọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní àdúgbò Under G. Lọ́jọ́ kan, ó dúró létí títì ní Tákíé, ó ń wá ọkọ̀ Ọ̀yọ́, ni ọkọ̀ búrẹ́dì kan bá ya wá, ó gbá a lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Philip tó ń wa ọkọ̀ náà kò sá. Òun ló gbé e lọ sí ọsibítù, òun náà ló sanwó ìtọ́jú títí wọ́n fi di ẹsẹ̀ yẹn. Ọmọlúàbí ni, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí ohun tó kù rọrùn láti bàjẹ́.

Ọlọ́pàá ti gba ọkọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé Mùílì wálé ni bàbá Philip, Díákónì Mátíù, dé sí Ọ̀yọ́ pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ Onítẹ̀bọmi wọn. Àgbàlagbà náà dọ̀bálẹ̀ níwájú ibùsùn, ó ní kí Mùílì má jẹ́ kí ọmọ òun fojú ba kọ́ọ̀tù. Àwọn àgbà ilé wa náà bá a bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ṣọ̀rẹ́.

Ràódàt, ìyàwó Mùílì, nìkan ló béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ṣé ọkọ̀ yín ní ìnṣọ́ránsì?"

Gbogbo ojú yí sí i bí ẹni pé ó bú wọn. Ọkọ rẹ̀ ló dá a lóhùn.

"Ràódàt, ṣé ẹ̀bẹ̀ àgbàlagbà lo fẹ́ fi ṣòwò ni? Mo ti fi lé Ọlọ́hun lọ́wọ́."

Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí tẹ́ṣàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Níbẹ̀ ló ti sọ fún ọlọ́pàá pé, "A ti parí ẹ̀ nílé," ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun ò ní béèrè ohunkóhun mọ́. Wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀. Gbogbo ilé yìn ín.

Egungun náà ò jinná dáadáa. Dókítà ní àfi kí wọ́n tún ẹsẹ̀ là, kí wọ́n fi irin sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Mùílì ò ní lè gun àkàbà mọ́. Owó rẹ̀ sì ju agbára òun àti Philip lọ. Ìgbà yẹn ni Ràódàt mú un lọ bá lọ́yà kan, Tẹniọlá. Lọ́yà gbọ́ ọ tán, ó mirí.

"Ìnṣọ́ránsì wà lórí ọkọ̀ yẹn, sà. Torí irú ẹsẹ̀ yìí gan-an ni ìjọba ṣe sọ ọ́ di dandan. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni ì bá san owó náà, ì bá má ti àpò Philip jáde, ì bá má sì la ìjà lọ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ ti fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ ti tán."

Ó bá wọn kọ̀wé, wọ́n pààrà ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà, pàbó ló já sí. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn nígbà tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó fara pa sì ti ní òun ò béèrè nǹkan kan. Inú bí mi sí àwọn tó ń pòwe kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí Ràódàt ń béèrè nínú wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Philip ṣì ń wá kí i. Nígbà tó gbọ́ ohun tí lọ́yà sọ, ó dọ̀bálẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí."

Mùílì na ọwọ́ sí i.

"Dìde, Philip. Mo ti dárí jì ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ mi ló bá a lọ."