Àpótí Bàbá Mi Lára Ògiri Ìjọ

Nínú ìjọ wa ní Ìgàndò, a kì í wọ bàtà. Sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán. Nígbà òjò, omi a máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, a ó sì dúró sínú rẹ̀ kọrin. Ẹni tó bá di máìkì mú lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, á pariwo, ìjọ náà á hó. A ní Ẹ̀mí ló bà lé e. Bàbá mi nìkan ló sọ pé iná mànàmáná ni.

Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni bàbá mi ń ṣe lọ́nà Egan. Ó lo odidi ọdún kan lórí ọ̀rọ̀ máìkì yẹn, ó ń tú rédíò tó ti kú, títí ó fi ṣe àpótí kan tí kò tóbi ju Bíbélì orí pẹpẹ lọ. Ó ṣàlàyé fún mi nídìí oúnjẹ pé iye iná tó bá jáde gbọ́dọ̀ padà wálé. Bí díẹ̀ bá gba ara èèyàn wọlẹ̀ lọ, àpótí náà á mọ̀, á sì pa iná kíákíá. Ó fi ìka ara rẹ̀ kan wáyà níṣojú mi. Iná kú. Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Wọ́n gbà á láyè kó kàn án mọ́ ògiri ìjọ. Ṣùgbọ́n òjò ọdún yẹn pọ̀, àpótí sì ń pa iná ṣáá, láàárín orin, láàárín ìran rírí. Máìkì ò ta ẹnikẹ́ni mọ́, ara ò gbọ̀n mọ́. Àwọn kan ní àpótí yẹn ló lé Ẹ̀mí lọ. Olùdarí ìjọ ránṣẹ́ pè é.

"Bàbá, ṣé Ẹ̀mí Ọlọ́run lẹ wá ń pè ní iná báyìí?"

"Rárá o, sà. Iná ni mo pè ní iná. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wọ sílípáàsì onírọ́bà di máìkì yẹn mú láìsí àpótí, ká wò ó bóyá ara rẹ̀ á gbọ̀n."

Sílípáàsì nínú ilé Ọlọ́run! Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé e jáde. Wọ́n ní bí ìkórè bá ti parí, kó wá tú àpótí rẹ̀ kúrò lára ògiri. Èmi tí mo rí ìka rẹ̀ lórí wáyà, ojú ń tì mí nítorí rẹ̀, torí èmi ni olórí akọrin.

Lọ́jọ́ ìkórè, omi bo ọrùn ẹsẹ̀ wa. Iná kú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí orin mi. Inú bí mi. Mo gun àga, mo yọ wáyà tó wọnú àpótí àti èyí tó jáde, mo so wọ́n pọ̀ tààrà, bí bàbá mi fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Iná dé. Mo mú máìkì.

Ó gbá mi mú. Ẹnu mi ò ṣeé là. Ìjọ ń ké halelúyà. Bàbá mi sáré wá láti ẹ̀yìn. Òun ló máa ń sọ fún wa pé ẹni tí iná bá gbé, a kì í fọwọ́ kàn án, igi gbígbẹ là á wá. Kò wá igi kankan. Ó fi ọwọ́ méjèèjì já máìkì gbà lọ́wọ́ mi, mo ṣubú, máìkì ò sì fi òun sílẹ̀.

Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n.

Wọ́n ní Ẹ̀mí ló gbé e lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó wo ògiri, mo ti yọ àpótí náà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà di òní.

Lọ́dún tó kọjá, a kọ́ ilé ìjọ tuntun. Oníwáyà kan so nǹkan kékeré kan mọ́ ògiri, ó ní bí iná bá gba ara èèyàn wọlẹ̀, á kú fúnra rẹ̀.

"Òyìnbó gbọ́n jàre," ni Ìyá Ìjọ wí. Wọ́n ní kí n gbé orin ọpẹ́.

Ó wà lẹ́nu mi láti sọ pé bàbá mi ti ṣe é rí. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bi mí pé níbo ni tiẹ̀ wà lọ́jọ́ tó kú. Mo gbé orin.