Ṣíbí Tí Mo Mú Lọ sí Ilé Ìwé

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwa márùn-ún la wà lábẹ́ igi máńgòrò ilé ìwé, ní abúlé wa lẹ́bàá Uso: nọ́ọ̀sì tó wá wọn àwọn ọmọ, ọ̀gá ilé ìwé, obìnrin tó ń se oúnjẹ ìjọba fún wọn, èmi, àti àbíkẹ́yìn mi.

Nọ́ọ̀sì wo òṣùwọ̀n, ó mirí. "Bàbá, ọmọ yìí tún ti fúyẹ́ sí i. Kí ló ń jẹ?"

"Wọ́n ń bọ́ ọ níbí," ni mo wí. Oúnjẹ yẹn ni mo gbójú lé. Nílé, alẹ́ nìkan la ń dáná, tí mo bá ti oko dé. Mo wo alásè náà. Ó sanra dáadáa.

Ó rí ojú mi. "Bàbá, ẹ yéé wò mí báyẹn. Bí ìyá tó bí mi ṣe sanra nìyí. Ẹyin tó tọ́ sí ọmọ yín kọ́ ló wà ní ìdí mi o!"

Ọ̀gá ilé ìwé rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti ń hu irùngbọ̀n kí n tó parí ìwé mẹ́fà. Mo mọ ohun tí ebi ń ṣe fún ọmọ níwájú pátákó.

Mo ṣe bí ẹni ń lọ sóko, mo gba ẹ̀yìn kíláàsì yọ, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Alásè ń bu ìrẹsì àti ẹ̀wà. Mo ń ṣọ́ ìgbakọ rẹ̀: ó kún. Ti ọmọ mi náà kún, ààbọ̀ ẹyin sì wà lórí rẹ̀. Ọmọ mi kúnlẹ̀ gbà á, ó dúpẹ́. Bí obìnrin náà ṣe yíjú báyìí, ọmọ mi da gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ ẹni tó jókòó tì í.

"Ta ló ní kí o má jẹ ẹ́?" mo bi í nígbà tó délé.

"Ẹ̀gbọ́n màámi ni. Lọ́jọ́ tí a sin màámi, wọ́n ní kí n má jẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níta mọ́. Bàámi, ẹ wà níbẹ̀."

Mo wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìyàwó mi jẹun níbi ìkómọjáde kan ní Ìfọ́n, inú sì ń run ún títí ó fi kú. Dókítà dárúkọ àìsàn náà. Àwọn ará ilé fi ojú sọ pé ẹnìkan fi nǹkan sí oúnjẹ náà. Láti ìgbà náà, èmi fúnra mi ò fi omi ẹlòmíì kan ẹnu.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú ṣíbí tèmi láti ilé, mo tọ alásè lọ, mo ní kó bu díẹ̀ fún mi lójú ọmọ mi.

"Háà! Bàbá ti padà sí kíláàsì kìíní!"

Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo wo inú ìkòkò. Mo jẹ ṣíbí kan, mo dúró. Ọmọ mi ń wo ọ̀fun mi. Mo jẹ èkejì. Lẹ́yìn náà mo nu ṣíbí náà, mo fi lé e lọ́wọ́.