Ọwọ́ Ọ̀tún Ẹ̀gbọ́n Mi Sulè

Bí òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ bá kàn mí nímú lónìí, ọkàn mi kì í lọ sí ọbẹ̀ ẹja. Ilé wa lẹ́yìn Ẹnu Ọ̀wá ló máa ń lọ, níbi tí Bàbá wa, Yésúfù alágbẹ̀dẹ wúrà, ti máa ń se góòlù nínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ kí dúdú iná lè ṣí kúrò lára rẹ̀. Èédú, ọsàn, àti òógùn ọkùnrin mẹ́ta nínú yàrá kótópó kan, òórùn ìgbà ọ̀dọ́ mi nìyẹn. Bàbá a jókòó sídìí ìléru, èmi Ràímì a máa fẹ́ ẹwìrì, ẹ̀gbọ́n mi Sulè a wà lẹ́nu fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, á máa fi ẹ̀mú kékeré lọ́ wáyà góòlù tí kò nípọn ju irun ọmọdé lọ. Ìwọ tí a jọ dàgbà ládùúgbò yẹn, o mọ yẹtí tó máa ń fi wáyà yẹn ṣe. Àwọn ìyàwó Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó kì í gbà á bí kì í bá ṣe ọwọ́ Sulè ló ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la sin ín. Àwọn èèyàn ń wá kí mi, wọ́n ń sọ pé ó gbó, ó tọ́, pé kí n má sunkún. Mo sunkún. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kan wà nínú ẹkún náà tí mi ò rí ẹni ṣàlàyé rẹ̀ fún, òun ló jẹ́ kí n mú bírò. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, bá mi fara dà á.

O rántí pé Sulè lọ sógun. Nígbà tí ogun parí, ó padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro. Wọ́n ti yọ ọta kúrò ní itan rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrora kò bá ọta jáde. Ní ọsibítù àwọn sójà, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń bá a pa á, nígbà tí wọ́n sì fi máa ní kó máa lọ sílé, ara rẹ̀ ti mọ abẹ́rẹ́ náà bí ọmọ ṣe ń mọ ọmú. Ìrora lọ, abẹ́rẹ́ ò lọ. Á dìde lẹ́nu iṣẹ́, á lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, á pẹ́ níbẹ̀, á padà wá jókòó pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí oorun ń kùn. Gbogbo wa mọ̀. Àǹtí Sáfù, àbúrò Bàbá tó ń tọ́jú wa láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, mọ̀. Bàbá a gbójú sókè wò ó, á tún gbójú sílẹ̀ sórí iṣẹ́. Nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ tó bá tóbi jù lẹnu kì í gbà.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, oòrùn ti ga, Bàbá ń ṣe àlùwàlá lójúde kó lè lọ sí mọ́sálásí. Mo gbọ́ igbe láti ẹ̀yìn ilé. Kì í ṣe igbe ẹni tí abẹ́rẹ́ gún. Igbe ẹni tí wọ́n ti ọwọ́ rẹ̀ bọ iná ni. Mo sáré lọ, mo bá Sulè lórí korobá tí ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó na apá ọ̀tún síwájú, síríńjì sì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣàn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn. Ó ń fò ni. Á fò, á sinmi, á tún fò, bí ẹni pé ọkàn rẹ̀ gan-an ló ń tì í jáde, pípọ́n rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ ju ẹ̀jẹ̀ àgbò ọdún lọ.

“Iná, Ràímì! Iná wà ní ìka mi!”

Mo wo ìka náà. Iná kankan ò sí níbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bí àbẹ́là, àwọn àmì kan bí aró sì ti ń yọ lára rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù.

Àǹtí Sáfù ti dé lẹ́yìn mi. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi so apá Sulè le dan-indan-in lókè ìgbọ̀nwọ́, lẹ́yìn náà ni òun náà fọwọ́ kan ìka. “Ó tutù! Yéè, ó tutù bí òkú!” Ìwọ náà mọ bí nǹkan ṣe rí nílé wa. Ohunkóhun tó bá tutù, tó bá wú, tó bá rọ́, omi gbígbóná la fi ń jó o. Ìyá ìkókó ni, ẹsẹ̀ arúgbó ni, orúnkún tó yẹ̀ ni. Omi sì wà lórí iná. Kí n tó wẹ̀yìn, ó ti gbé e wá, ó ti ki táwẹ́lì bọ̀ ọ́, èéfín ń rú lára rẹ̀.

“Ẹ má fi kàn án, mà! Ẹ jọ̀ọ́!”

Sísì Fẹlíṣíà ni, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì iwájú wa, ilé tí àwọn baba ńlá rẹ̀ kọ́ nígbà tí wọ́n ti Bràsíl dé. Ó ti wọ aṣọ funfun, ó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ ọ̀sán, kó tó gbọ́ igbe tó sì yà.

“Ìwọ Fẹlíṣíà,” ni Àǹtí Sáfù wí, “ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jó ara? Èmi tí mo jó ìdodo rẹ nígbà tí wọ́n bí ọ!”

“Ẹ̀yin náà ni, mà. Tó bá di alẹ́, ẹ wá bínú sí mi. Ẹ̀jẹ̀ ò dé ọwọ́ yìí mọ́. Ẹ máa bọ̀ ọ́ bí iṣu ni, kò sì ní mọ̀ pé ó ń jóná.”

Táwẹ́lì bọ́ sílẹ̀. Sísì Fẹlíṣíà tú gèlè, ó ní okùn yẹn ń dínà mọ́ ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó kù. Ó di aṣọ mímọ́ kan sí ojú ihò, ó mú àtàǹpàkò mi, ó fi lé e. “Tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀ ẹ́ gan-an. Má yọ ọ́ wò, bó ti wù kó rí.” Òun fúnra rẹ̀ gbé ọwọ́ náà sókè. Ó wá tẹjú mọ́ Sulè. “Kí lẹ fi sí i?”

“Òòlù ló bọ́ lù mí,” ni Sulè wí.

Síríńjì wà nílẹ̀ láàárín wa bí ọmọ tí a kò rí ìyá rẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí i pé Bàbá ti dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi àlùwàlá ṣì ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀.

“Bọ̀dá Sulè, ẹ gbọ́ mi,” ni Sísì Fẹlíṣíà wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Dókítà máa bi mí. Tí mi ò bá mọ irú oògùn tó wọ ibẹ̀, ọwọ́ yìí lè lọ. Mi ò dẹ́rù bà yín.”

Sulè wo Bàbá, ó pa ẹnu dé. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti yàn. Ó sàn fún un kí ọwọ́ lọ ju kó la irú ẹnu bẹ́ẹ̀ níwájú baba rẹ̀. Ẹni tí a kò tọ́ dàgbà bí wọ́n ṣe tọ́ wa lè sọ pé òmùgọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀.

Bàbá kò bínú, kò bú u. Ó yí padà. Ọkùnrin àgbà náà kọ ẹ̀yìn sí wa, ó dojú kọ ògiri balùwẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e.

“Sulè, ògiri ni mò ń wò. Mi ò sí níbí. Dá ọmọ olọ́mọ lóhùn.”

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lú ẹkún. Ó dárúkọ oògùn náà, ó sọ ibi tó ti ń rí i, ó sọ bó ṣe ń pò ó. Sísì Fẹlíṣíà ń mi orí. Ó wá bi í léèrè ohun tí èmi náà ti ń rò. Kí ló dé tó fi jẹ́ apá ọ̀tún ló gún? Ṣebí ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo ayé fi ń di nǹkan mú?

“Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun ni,” ni Sulè wí. “Òun ni mo fi ń ka tẹ̀súbáà. Òun ni èmi àti Bàbá jọ ń ki bọ àwo kan náà. Báwo ni mo ṣe máa jẹ́ kó di nǹkan yẹn mú? Òsì ni mo fi ń mú un látọjọ́ yìí.”

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa. Ọ̀tún fún oúnjẹ, òsì fún ìdọ̀tí. Ẹ̀gbọ́n mi pa òfin yẹn mọ́ títí wọ inú ẹ̀ṣẹ̀. Ó gbé ohun tó ń tì í lójú fún ọwọ́ òsì, ọwọ́ tí kò kọ́ iṣẹ́ kankan rí láyé rẹ̀, ọwọ́ yẹn náà ló wá ṣìnà. Mo rí èjìká Bàbá tó ń gbọ̀n lára ògiri.

Ọkọ̀ kan tó ń kó àlùbọ́sà lọ sí ọjà Sangross ni a rí dá dúró. Mọ́mọ́dù lorúkọ awakọ̀ náà. Orí àpò àlùbọ́sà la jókòó sí, àtàǹpàkò mi lórí ihò, ọwọ́ Sulè lókè. Gósílóò mú wa, Mọ́mọ́dù yọrí síta, ó pariwo sí àwọn tó wà níwájú pé, “Ẹ kúrò lọ́nà! Ẹ ò rí ọ̀gá tó ń juwọ́ sí yín ni?” Èmi ò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín. Sulè náà rín, ẹ̀rín àti ẹkún pa pọ̀. Ìpè Jímọ̀ ń dún lọ́tùn-ún lósì. Bàbá jókòó tì wá, kò sọ̀kalẹ̀ lọ kírun.

Orí àlùbọ́sà yẹn ni Sísì Fẹlíṣíà ti là á yé wa. Ó ní ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń tọ̀ nínú apá, bí àfárá tí ọkọ̀ ń gbà lọ tí òmíràn ń gbà bọ̀. Èyí tó ń bọ̀ wálé sọ́kàn ń rọra ṣàn, oògùn tó bá bọ́ síbẹ̀ á kọ́kọ́ délé ná. Èyí tó ń ti ọkàn lọ ń fi agbára ta, tààrà sínú ìka ló ń já, ọ̀nà ibẹ̀ sì ń tóóró sí i ni. Oògùn tó bá bọ́ síbẹ̀ kò ríbi yà sí. Á ba ojú ọ̀nà jẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dì, ẹran ara á máa kú láti orí ìka wá. “Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń fò, tó pọ́n fòò, tí ọwọ́ wá ń ta bí iná, kì í ṣe ohun tí à ń dúró wò nílé,” ló wí. “Kì í ṣe ohun tí à ń fi pa mọ́ nítorí ojú àwọn èèyàn.”

Orúkọ dókítà tí a bá ní ọsibítù nìkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi nínú gbogbo wọn, ó sì ń dùn mí. Ó gba Sulè wọlé lójú ẹsẹ̀, kò bú u. Nígbà tó jáde, ó sọ òótọ́ fún wa: ìka mẹ́ta ti ń dúdú lórí, òun ò sì lè ṣèlérí. Ó fi bírò fa ìlà sí ibi tí dúdú náà dé. Bó bá rékọjá ìlà, a jẹ́ pé wọ́n á gé e.

Ìlà yẹn la wá ń wò. Mo ti rí ọjọ́ burúkú lẹ́yìn rẹ̀, mo ti sin aya, mo ti sin ọmọ, ṣùgbọ́n bí mo bá ranjú mọ́ ògiri, ìlà bírò aláwọ̀ búlúù yẹn ni mo máa ń rí. Bàbá a gbé ọwọ́ Sulè, á yí i sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, bó ṣe máa ń yí góòlù. Dúdú dé etí ìlà, ó dúró. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá pè mí, ohùn rẹ̀ kò ga rárá.

“Ràímì, wo èékánná rẹ̀. Iná ti ń mú èédú.”

Òótọ́ ni. Láti ìdí èékánná, pípọ́n kan ń yọ, kékeré, bí ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ẹwìrì sí ìléru. Àǹtí Sáfù forí balẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ọsibítù, àwọn nọ́ọ̀sì ń fò ó kọjá. Nígbà tó dìde, ó ní Fẹlíṣíà lè wá kọ́ òun ní jíjó ara báyìí, òun ti ṣetán.

Sulè kò fi ọjọ́ kan bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́, mi ò ní parọ́. Dókítà kan náà gbà á fún ìtọ́jú, ó ṣubú, ó dìde, ó pẹ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò yẹn, Bàbá kò bi í ní ìbéèrè kan. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀bà kalẹ̀, á kàn ní, “Sulè, wá ki ọwọ́ bọ àwo.” Sulè á ki ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ̀ ọ́, pẹ̀lú ìka ọmọńdinrín tí kò ká tán mọ́ láti ìgbà náà, tó máa ń yọ síta bí ti ìyàwó tó ń ṣe fáàrí. A fi pa á lẹ́rìn-ín títí irun wa fi funfun. Ọwọ́ yẹn lọ́ wáyà góòlù fún ìyàwó àwọn ọmọ wa. Ó lọ́ ọ fún ìyàwó àwọn ọmọ ọmọ wa.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, èmi àti àwọn àlùfáà. O mọ̀ pé ọ̀tún la ń kọ́kọ́ wẹ̀ lára òkú. Mo gbé ọwọ́ náà, mo da omi sí i, mo fọ ìka kọ̀ọ̀kan láti àtàǹpàkò wá. Àwọn àlùfáà rò pé ìbànújẹ́ ló jẹ́ kí n pẹ́ lórí rẹ̀. Ìbànújẹ́ wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n mò ń ka àwọn ìka náà bí mo ṣe ń fọ wọ́n ni, mo kà wọ́n kan ọmọńdinrín, márààrún sì pé. Mo tẹ̀ ẹ́ kó lè ká. Kò ká.