Mo sín ọ̀gá ìjọba àpapọ̀ jẹ níṣojú rẹ̀

Ẹ gbà mí o! Mo sín ọ̀gá ọ́fíìsì jẹ lónìí, àṣé ó wà lẹ́yìn mi.

Èmi àti Màmá Àgbà ló lọ gba káàdì ìdánimọ̀ wọn ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní àdúgbò Mayfair. Lílọ-bíbọ̀ ti sú wọn, ni mo bá yọ ikùn síta, mo mú kí ohùn mi ki bíi ti ọ̀gá ibẹ̀ tó máa ń dá wa padà: "Màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Ẹ padà wá lọ́la."

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ní: "Ṣé bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

Màmá ní: "Ìwọ gan-an ni, ọmọ mi."

Ojú tì í. Ó wọlé, ó wá káàdì náà títí ó fi rí i.

Ló bá rọra bi mí pé: "Ṣé o lè sín àwọn ọ̀gá wa l'Ábújá jẹ? Bí wọ́n ṣe ń dá èmi náà lóhùn nìyẹn tí mo bá ti béèrè ìgbéga mi."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ ohùn ọ̀gá Àbújá rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe ń dún?